Ṣé físíìsì ni mo fẹ́ràn, àbí àwòrán tó ń fò lójú kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo wà ní girama, kò sí iṣẹ́ tí mo kórìíra tó físíìsì. Fọ́múlà la máa ń há sórí, a ó da nọ́ńbà sínú rẹ̀, èsì á jáde, a ò sì mọ ohun tí èsì náà ń sọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ò kan físíìsì rárá. Nítorí iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ibẹ̀ ni mo ti bá olùkọ́ kan pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi kóòdù bí ìlà mẹ́wàá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan máa ta sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, oorun ò kún ojú mi mọ́. Mo ti ṣe bọ́ọ̀lù, mo ti ṣe sípíríǹgì, mo wá ń gbìyànjú kí n jẹ́ kí òṣùpá yí ayé ká. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gboyè nínú físíìsì ní eré ọmọdé lásán ni mò ń ṣe, pé ẹni tí kò bá lè yanjú ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé kò tíì mọ físíìsì kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni kí n sì ṣe tẹ̀lé e?

* * *

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, àmọ́ èyí tó fi sílẹ̀ ló pọ̀ jù.

Jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tì ná, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìfẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: kí o tó tẹ bọ́tìnì tí kóòdù rẹ fi máa ṣiṣẹ́, ṣé o máa ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀? Tí kò bá wá rí bí o ṣe sọ, ṣé kì í jẹ́ kó o gbádùn títí wàá fi mọ ìdí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, físíìsì lò ń ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo kàn ń tẹ̀ ẹ́, tó ń lọ, tó wù ọ́, tó o sì bọ́ sórí òmíràn, a jẹ́ pé àwòrán lò ń wò, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Wo ìbéèrè kékeré yìí kí o fi dán ara rẹ wò. Ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà. Nígbà tó dé òkè téńté, tó kù díẹ̀ kó máa bọ̀, mélòó ni ìyára rẹ̀? Òdo. Gbogbo èèyàn ló gba ìyẹn. Mélòó wá ni ipá tó wà lára rẹ̀ nígbà yẹn? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àìmọye ẹni tó ti ṣe ìdánwò físíìsì tó yege ló máa dáhùn pé òdo, torí wọ́n rò pé ohun tó bá dúró, kò sí nǹkan tó ń fà á.

Ìwọ tí o kọ kóòdù bọ́ọ̀lù, lọ wo ìlà tó ń yí ìyára padà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìlà yẹn ń yọ 9.8 kúrò nínú ìyára, òòfà ayé nìyẹn, bọ́ọ̀lù ì báà máa gòkè, ì báà máa bọ̀, ì báà wà lókè téńté. Kò síbi tí o ti kọ ọ́ pé tó bá dókè kó sinmi. Ká ní ó sinmi lóòótọ́, bọ́ọ̀lù yẹn ì bá so kọ́ sókè títí ayé. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà yẹn ò ní gbàgbé ìdáhùn náà mọ́. Ẹni tó há a sórí á gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn yòókù tó dáhùn ìbéèrè rẹ. Àwọn kan dúró gbọn-in lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ: ìwé àti bírò lákọ̀ọ́kọ́, kálíkúlọ́ọ̀sì lákọ̀ọ́kọ́, kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Àwọn kan ní ká fi ọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, pé ohun tó bá ti wu ọkàn ni ẹ̀kọ́. Ẹnìkan ní gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ tíṣà lọ: ẹ gbé tíṣà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ síwájú ọmọ, ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò, ọmọ á fẹ́ràn físíìsì.

Àwọn ìwé-lákọ̀ọ́kọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá fà á.

Ní 1961, Richard Feynman, gbajúgbajà onímọ̀ físíìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé orí òfin Newton, tó fẹ́ fi hàn wọ́n bí òfin yẹn ṣe ń sọ ibi tí nǹkan máa wà lọ́la, tábìlì ló yà: àkókò, ibi tí nǹkan wà, ìyára, bí ìyára ṣe ń yí padà. Ó fi nǹkan tí wọ́n so mọ́ sípíríǹgì bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń ṣírò rẹ̀ lọ ní ìlà dé ìlà. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀nà kan náà tẹ̀ lé pílánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń yí oòrùn ká. Ohun tí kóòdù rẹ ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé tìrẹ kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kì í ṣe físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a wá pe ti Feynman?

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ. Ìwé àti bírò ò lè yanjú púpọ̀ nínú ohun tó ń rìn láyé yìí. Oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe, ó tiẹ̀ dára wò. Fi ẹ̀kẹta kún wọn, o ò ní rí fọ́múlà kan tí wàá máa da àkókò sínú rẹ̀ kó máa sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń dí lọ́wọ́ bó ṣe ń fò lọ ní igun, ìyẹn náà ò ní fọ́múlà tó rọrùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìbéèrè inú ìwé girama fi jẹ́ irú kan náà: okùn tí kò wúwo, ilẹ̀ tó ń yọ̀ pátápátá, ẹ má ka ti afẹ́fẹ́ sí. Torí pé ìwé lè yanjú wọn ni wọ́n ṣe ṣà wọ́n. Ọmọ á wá rò pé ayé mìíràn ni físíìsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ayé tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ràn ayé bẹ́ẹ̀?

* * *

Àmọ́ o, ibì kan wà tí àwọn onìwé ti jàre.

O ní o fẹ́ kí òṣùpá yí ayé ká. Gbogbo ẹni tó bá dán an wò ló máa ń pàdé ohun kan náà lójú ọ̀nà. Inú kóòdù náà ò ju ìlà mẹ́ta yìí lọ, tí yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe:

    ipa = -G * M * m * ibi / ijinna**3
    ibi = ibi + iyara * dt
    iyara = iyara + ipa / m * dt

Òòfà ayé ni ìlà kìíní: G ni nọ́ńbà òòfà, M ni ìwọ̀n (mass) ayé, m ni ti òṣùpá; dt sì ni àkókò kékeré tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìlà kejì ń gbé òṣùpá lọ síwájú díẹ̀. Ìlà kẹta ń tún ìyára rẹ̀ ṣe. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìyípo kìíní á dà bíi pé ó dáa. Ní ìkejì, òṣùpá ò padà síbi tó ti gbéra, ó ti sún sẹ́yìn. Bó ṣe ń pẹ́ ni ipa ọ̀nà rẹ̀ ń gbòòrò bí ìkarahun ìgbín, títí á fi jáde kúrò lójú kọ̀ǹpútà pátápátá.

Ọmọ kan tí mo kọ́ rí i bẹ́ẹ̀, ó sáré wá bá mi. Ó ti kà á níbì kan pé òṣùpá ń jìnnà sí ayé, ó wá lóun ti fi kóòdù rí ìdí rẹ̀. Òótọ́ ni pé òṣùpá ń jìnnà sí wa, bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun tí ayé sì ń yí lábẹ́ omi náà ló ń fa ìyẹn, kò sì sí òkun kankan nínú kóòdù ọmọ yìí. Mo bi í pé, “Òkun rẹ dà?” Ó dákẹ́, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Mo ní kó fi ìlà kan kún un tí yóò máa ṣírò àpapọ̀ agbára òṣùpá, ti ìrìn rẹ̀ àti ti òòfà, kó sì ya gíráàfù rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ti òṣùpá láti ìta nínú kóòdù yẹn, nítorí náà ó yẹ kí gíráàfù náà dúró gbọọrọ sójú kan. Kò dúró. Ńṣe ló ń gun òkè lọ. Kọ̀ǹpútà ń dá agbára sílẹ̀ látinú òfìfo.

Ó wá gbé ìlà kẹta sókè ìlà kejì. Ìyẹn nìkan. Kó tún ìyára ṣe kó tó gbé òṣùpá rìn, dípò kó gbé e rìn kó tó tún un ṣe. Òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, kò sì sá lọ mọ́. Gíráàfù agbára ń lọ sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò gun òkè lọ.

Onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler ló ni ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn, inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1768 ló wà. Alan Cromer kọ nípa èkejì nínú ìwé àtìgbàdégbà American Journal of Physics ní 1981, ìdí nìyí tí àwọn tíṣà fi ń pè é ní ọ̀nà Euler-Cromer. Bí o bá fẹ́ fi agídí dúró sí ti Euler, tó o wá ń dín dt kù, àìsàn náà á falẹ̀ ni, kò ní san.

Ẹ rí i báyìí pé ẹni tí kò mọ̀ pé agbára kì í ṣàdédé pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á tàn án jẹ, á sì tún fi àwòrán tó dára tàn án. Ibi tí ìwé ti wúlò nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ òótọ́. Àmọ́ ẹ bi í léèrè lọ́dọ̀ mi: nígbà tó ń kọ́ òfin ìpamọ́ agbára lórí ìwé, ṣé ó gbọ̀n ọ́n lára tó bó ṣe gbọ̀n ọmọ yẹn?

* * *

Ẹnìkan fi ìbínú kọ ọ́ pé òun ní ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, pé bọ́ọ̀lù tó ń ta lójú kọ̀ǹpútà ò lè gba máàkì fún un.

Kò lè gbà á lóòótọ́. Bí ìdánwò bá ku oṣù kan, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó yanjú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ má gbé nǹkan tuntun fún un. Bí ọdún kan bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kó mú ìbéèrè kan nínú ìwé rẹ̀, kó yanjú rẹ̀ lórí ìwé, kó tún kọ ọ́ ní kóòdù. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀kan ń parọ́, wíwá òpùrọ́ yẹn sì máa ṣe é láǹfààní ju ogún ìbéèrè tó yanjú láìronú. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lórí ìdánwò.

* * *

Ó wá kan ẹni tó sọ pé gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ tíṣà lọ.

Mo gbà pé tíṣà tó dáa lè tan iná sí ọmọ lára. Ohun tí mi ò gbà ni pé tíṣà tó dùn-ún gbọ́ àti tíṣà tó ń kọ́ni jẹ́ ẹnìkan náà nígbà gbogbo. Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì Harvard, jẹ́ ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe ń kọ́ wọn. Ó wá fún wọn ní ìdánwò kan tí kò ní ìṣirò nínú, ìbéèrè ṣákálá nípa ipá àti ìrìn, irú èyí tó jọ pé ó rọrùn jù fún Harvard. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè pé báwo lòun ṣe máa dáhùn: ṣé bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn ni, àbí bí òun fúnra òun ṣe ń ro nǹkan? Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Físíìsì méjì ló wà lórí ọmọ yẹn, ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún ayé, wọn ò sì tíì pàdé ara wọn rí.

Láti ìgbà náà ni Mazur ti dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Ó máa ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, oníkálukú á dá ronú, wọ́n á dìbò, kálukú á wá bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn, wọ́n á tún dìbò. Ariwo á sọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ ń wọlé.

Kì í sì í ṣe ti Mazur nìkan. Ní 1998, Richard Hake kó èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000 jọ láti kíláàsì físíìsì 62, gbogbo wọn ti ṣe irú ìdánwò ipá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó parí. Níbi tí tíṣà ti ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń gbọ́, nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mọ̀ kún un. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ ṣe é, kó jiyàn rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 48.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ti 2019, ní Harvard náà. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì sí méjì. Ìdajì gbọ́ tíṣà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìdajì fúnra wọn tiraka lórí ìbéèrè. Àwọn tó tiraka ló mọ̀ jù, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, àwọn tó gbọ́ tíṣà ló gbà pé àwọn kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ geerege máa ń jọ ìmọ̀ létí ẹni.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ìwọ tó béèrè pé àìsùn rẹ ò tíì fi nǹkan kan hàn nìyẹn. Olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí o rí ṣe ọ́ lóore ńlá, kò fi ọ̀rọ̀ rẹ mọ sí gbígbọ́, ó gbé kóòdù lé ọ lọ́wọ́. Bí ó bá kàn jẹ́ apanilẹ́rìn-ín tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà, ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá fi wù ọ́.

* * *

Nípa irinṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń béèrè.

PhET, àwọn àwòrán físíìsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ lè fọwọ́ yí, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé. Carl Wieman, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gba Ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado ní Boulder ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára. Àléébù rẹ̀ ni pé gbàrà tí ọmọ bá ti rí ohun tí a lè fọwọ́ fà lọ fà bọ̀, á fa gbogbo rẹ̀ dé ìpẹ̀kun, á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan títí á fi kọ ohun tó rò sórí ìwé. Wọn kì í fẹ́ràn mi ní ìṣẹ́jú yẹn.

VPython, ìyẹn Python tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, ni fún ẹni tó ti ń kọ kóòdù, ìyẹn ìwọ. David Scherer ló kọ ọ́ ní 2000, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ ní yunifásítì Carnegie Mellon nígbà náà. Ruth Chabay àti Bruce Sherwood sì gbé ẹ̀kọ́ físíìsì odindi lé e lórí. Adùn rẹ̀ ni pé bí o bá ti kọ ìlà kan pé kí bọ́ọ̀lù wà, ó ti wà, o sì lè yí ojú rẹ̀ wò láti ẹ̀gbẹ́. O ò ní jà pẹ̀lú àwòrán, físíìsì nìkan ló kù fún ọ láti kọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí láìjẹ́ pé o fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà.

Algodoo, ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń ya nǹkan kó máa rìn, dùn ún ṣeré. Àmọ́ ó fi òfin pamọ́ sínú, o kàn ń rí àbájáde ni, nítorí náà mi ò kà á sí ẹ̀kọ́ kóòdù.

phyphox, ètò orí fóònù tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe, ń lo àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ti wà nínú fóònù láti wọn bí nǹkan ṣe ń yára, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń dún. Wọ inú ẹ̀rọ agbénigòkè pẹ̀lú rẹ̀ kí o wo gíráàfù bó ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń dúró. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i ò ní béèrè mọ́ pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyára àti ìyípadà ìyára.

* * *

Ẹnìkan sọ gbólóhùn kan tó bí mi nínú: pé àwọn ojúlówó onífíísíìsì kì í fi kọ̀ǹpútà wá òtítọ́, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò.

Ẹ wo Los Alamos, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 1953, gbajúgbajà onímọ̀ físíìsì Enrico Fermi, pẹ̀lú John Pasta àti Stanislaw Ulam, fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí nǹkan kéékèèké tí sípíríǹgì so mọ́ra wọn ní ìlà gbọọrọ, bí sípíríǹgì náà bá yà díẹ̀ kúrò nínú òfin tó rọrùn. Gbogbo wọn ló rò pé agbára tí wọ́n bá fi sí irú ìmì kan á tàn ká gbogbo ìmì yòókù. Mary Tsingou ló kọ ètò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà MANIAC. Agbára náà tàn ká díẹ̀, ó wá yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ara rẹ̀ jọ pátá síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ṣáájú, kò sì sí ìwé tí wọ́n ti kà á. Láti ibẹ̀ ni odindi ẹ̀ka ìmọ̀ ti ṣẹ̀. Ti Tsingou, wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé, orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Thierry Dauxois fi kọ ọ́ ní 2008 pé ó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ náà wọ̀ ọ́.

Bí Fermi bá lè méfò, kó tẹ bọ́tìnì, kó sì bá òdìkejì, kí ló wá burú nínú tiwa?

* * *

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ká padà.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ohun-tó-wù-ọkàn ò fẹ́ gbọ́ ni pé kóòdù nìkan ò tó. Ohun tí o kọ sínú rẹ̀ ló máa fún ọ padà. Bí o bá kọ òòfà tó ń ti nǹkan sókè, á tì í sókè láìjanpata. Àfi kí o gbé nǹkan gidi lọ́wọ́ kí o fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò ná èèyàn ní nǹkan kan. Ká ìwé pélébé márùn-ún ní ìrísí àrọ, kí wọ́n dọ́gba dáadáa. Ki mẹ́rin sínú ara wọn, fi ẹyọ kan sílẹ̀. Jẹ́ kí ẹnu ṣóńṣó kọjú sílẹ̀, jù wọ́n sílẹ̀ pa pọ̀ láti òkè kan náà. Kí o tó jù wọ́n, bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè. Àwọn tó ti há a sórí pé ohun gbogbo ń jábọ́ bákan náà á ní wọ́n á jọ dé ilẹ̀. Wọ́n á tún rántí David Scott, ọ̀kan nínú àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí òṣùpá, tó ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lórí òṣùpá ní 1971, tí méjèèjì jọ balẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá. Àwọn kan á ní mẹ́rin á yára ní ìlọ́po mẹ́rin.

Wọ́n á yára ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ ń pọ̀ bí ìyára ṣe ń di ìlọ́po ara rẹ̀: bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì tó láti gbé ìwé mẹ́rin dúró. Tó o bá fẹ́ rí i láìní aago, di ẹyọ kan mú ní ìdajì òkè, kí ẹlòmíràn di mẹ́rin mú ní òkè pátá, ẹ jọ fi sílẹ̀. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu àwọn ọmọ ti máa ń ṣí sílẹ̀, torí ìyàlẹ́nu àti àlàyé rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi fóònù ya fídíò rẹ̀, wọ́n á máa tọ́ka ibi tí ìwé wà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Tracker, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì kọ ìlà kan kún kóòdù bọ́ọ̀lù tó ti wà nílẹ̀:

    ipa = k * iyara**2 - m * g

Wọ́n á máa yí k, nọ́ńbà ìdíwọ́ afẹ́fẹ́, padà títí gíráàfù kóòdù á fi gùn lé ti fídíò. Bí ó bá kọ̀ tí kò gùn ún, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

* * *

Ohun tí ìwọ máa ṣe tẹ̀lé e rèé. Parí òṣùpá yẹn ní ọ̀nà Euler-Cromer, fi gíráàfù agbára sí i, má sì kọ kóòdù kankan mọ́ láìfi irú gíráàfù bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ju bọ́ọ̀lù ní igun. Ní ayé tí kò sí afẹ́fẹ́, dígírì 45 ló ń gbé e lọ jìnnà jù, ìwé á fi hàn ọ́ ní ìlà bíi márùn-ún, jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ọ ní ti ìwé náà, inú rẹ̀ á dùn. Fi afẹ́fẹ́ kún un kí o wá igun tó dára jù. Ṣé á lọ sókè ju 45 ni, àbí á wálẹ̀, àbí á dúró síbẹ̀? Kọ ọ́ sórí ìwé, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Mo mọ èsì rẹ̀, mi ò ní sọ.

Fún ẹni tó ní òun ò ní kọ̀ǹpútà tó lágbára: fóònù tó ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì á ṣí VPython. Bí ìyẹn náà ò bá sí, ya tábìlì Feynman sínú ìwé, òpó mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti ṣe nǹkan bí ogójì ìlà, sípíríǹgì náà á ti máa yí padà sẹ́yìn lójú rẹ, láti inú nọ́ńbà tí o fọwọ́ ara rẹ kọ.